Ta Ló Tọwọ́ Bọ̀wé? Ken Taylor, Ilé-iṣẹ́ Festival àti Ìbẹ̀rẹ̀ Orin Rọ́ọ̀kì ní Ọsirélíà

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí dá lórí ipa tí Ken Taylor, ọ̀gá tó ń yan olórin àti orin fún ilé-iṣẹ́ Festival Records ní ìlú Sydney, kó nínú ìbẹ̀rẹ̀ orin rọ́ọ̀kì ní Ọsirélíà ní ìparí àwọn ọdún 1950. A yẹ ìtàn kan tó lókìkí wò: bí Johnny O'Keefe ṣe sọ fún àwọn oníwèé ìròyìn pé òun ti di olórin Festival, nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà kò tíì gbà á. A fi hàn pé ohun méjì ni ìtàn náà kọ́ wa. Èkíní ni agbára tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń fi orúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lórí ìwé. Èkejì ni pé ìtàn orílẹ̀-èdè tó ní ìwé ìròyìn, rédíò àti ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ pàápàá lè dúró lórí ẹnu ènìyàn díẹ̀.

Kókó-ọ̀rọ̀: orin rọ́ọ̀kì, Ọsirélíà, Festival Records, ìtàn àtẹnudẹ́nu, ìṣe inú ọ̀rọ̀.

0. Ìfáárà

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìpín kan nínú iṣẹ́ yìí níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rẹ́ mi kan bi mí ní ìbéèrè tó tọ́ kí ó béèrè: kí ni akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ń wá nínú orin àwọn ará Ọsirélíà? Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò rí èsì gidi fọ̀ lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ yìí ni èsì mi.

Ohun méjì ló gbé mi débẹ̀. Àkọ́kọ́ jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ọkùnrin kan sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́ fún àwọn oníwèé ìròyìn. Kò pẹ́, ohun náà di òótọ́. Ẹni tó bá ń kọ́ nípa èdè kò gbọdọ̀ kọjá lára irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ láì dúró wò ó. Èkejì jẹ mọ́ ẹ̀rí. Bí a bá lọ gba ìtàn lẹ́nu àwọn àgbà ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní Àjàṣẹ́, tí a sì mú un wá sí ilé-ẹ̀kọ́, ìbéèrè tí a máa ń bá pàdé ni pé, ìwé dà? Bí ẹni pé ibi tí ìwé bá pọ̀ sí, ẹnu kò níṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀ mọ́. Mo fẹ́ mú ìtàn kan láti ibi tí ìwé ti pọ̀, kí a wo bóyá bẹ́ẹ̀ ni ó rí.

Mo pín iṣẹ́ náà sí ọ̀nà mẹ́fà. A ó kọ́kọ́ wo orúkọ iṣẹ́ tí Taylor ṣe. Lẹ́yìn náà ni a ó wo Sydney kí orin rọ́ọ̀kì tó dé, ìtàn O'Keefe, àwo tó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, àwọn mìíràn tó gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọlé, àti àwọn tó sọ ìtàn náà fún wa.

1. Orúkọ iṣẹ́ náà

Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pe iṣẹ́ tí Taylor ṣe ní Artists and Repertoire, wọ́n sì máa ń gé e kúrú sí A&R. Àwọn Faransé ń pè é ní directeur artistique. Orúkọ méjèèjì kò sọ ohun kan náà. Ti Gẹ̀ẹ́sì dárúkọ ohun méjì tí ẹni náà ń so pọ̀: olórin wà ní apá kan, àkójọ orin wà ní apá kejì. Ti Faransé dárúkọ ipò: ọ̀gá ni, ó ń darí. Kò sí èyí tó sọ ohun tó jẹ́ ẹ̀mí iṣẹ́ náà gan-an, èyíinì ni yíyàn. Lójoojúmọ́ ni àwọn ènìyàn ń wá síwájú ọ̀gá yìí, tí àwo láti òkè òkun náà sì ń dé sórí tábìlì rẹ̀. Òun ni yóò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. N kò dá ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀ fún un. Ọ̀gá tó ń yan orin ni n ó máa pè é.

Ọ̀rọ̀ kejì tó yẹ kí a wò ni ti àdéhùn. Ní Gẹ̀ẹ́sì, àti ní Faransé tí a ń sọ lóde òní, ilé-iṣẹ́ lè jẹ́ olùwà gbólóhùn kí olórin sì jẹ́ àbọ̀ rẹ̀: ilé-iṣẹ́ ni ó ṣe nǹkan, olórin ni a ṣe é sí. Nínú èdè Yorùbá, bẹ́ẹ̀ kọ́. Tọwọ́ bọ̀wé ni a ń sọ. Ọwọ́ àti ìwé ti gba àyè àbọ̀ tán. Kò sí ibi tí ènìyàn kejì lè jókòó sí. A kò lè sọ pé *Taylor tọwọ́ bọ O'Keefe. Ohun tí a lè sọ ni pé O'Keefe tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú Festival, tàbí pé àwọn méjèèjì jọ tọwọ́ bọ̀wé.

Ìyàtọ̀ yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n ó ní ohun tó ń ṣe sí ìtàn. Bí mo bá ka ìwé tí àwọn ará Ọsirélíà kọ, ọ̀gá ni mo máa ń rí nínú ipò olùwà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí i sí Yorùbá, ó di dandan fún mi láti béèrè nínú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan pé, ọwọ́ ta ló wọnú ìwé náà? Ìbéèrè yẹn ni mo fi ṣe àkọlé.

2. Sydney kí orin rọ́ọ̀kì tó dé

Láti mọ ìdí tí ọ̀gá kan fi lè ní agbára tó bẹ́ẹ̀, a ní láti mọ bí ọjà àwo orin ṣe rí ní Ọsirélíà nígbà náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, EMI, ilé-iṣẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ni ó di ọjà náà mú. Ilé ẹ̀rọ tó ń tẹ àwo fún wọn wà ní Homebush, ní ẹ̀yìn odi Sydney, láti 1926. Àwọn orúkọ tí ènìyàn ń rí lára àwo, bí HMV, Columbia àti Parlophone, lè jọ ti ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan náà ni gbogbo wọn wà.

Ọsirélíà jìnnà sí Amẹ́ríkà àti sí Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù Kẹta 1952, ìjọba Menzies tún fi òfin dí ọjà òkè òkun lọ́nà, kí owó ilẹ̀ náà má baà tán. Nítorí náà, ọ̀nà tí orin Amẹ́ríkà fi máa ń dé etí ọ̀pọ̀ ará Ọsirélíà ni pé kí ilé-iṣẹ́ kan ní Ọsirélíà gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, kí ó sì tẹ̀ ẹ́ nílé. Bí ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì Sydney kò bá fẹ́ràn orin kan, orin náà lè má dé ilé ìtajà kankan. Ẹnu bodè ni ọ́fíìsì náà, oníbodè sì ni ọ̀gá tó jókòó níbẹ̀.

Ní 1952 kan náà ni wọ́n dá Festival Records sílẹ̀ ní Sydney, lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ìṣúná Mainguard ti Paul Cullen. Ilé-iṣẹ́ kékeré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ EMI. Ẹni àkọ́kọ́ tó yan orin fún wọn ni Les Welch, olórí ẹgbẹ́ olórin kan tó gbajúmọ̀ ní ìlú náà. Ken Taylor ni ó bọ́ sí ipò náà lẹ́yìn rẹ̀.

Orin tó gbé Festival dìde kì í ṣe orin ará Ọsirélíà. Bill Haley àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Comets, kọ Rock Around the Clock sínú àwo ní New York ní oṣù Kẹrin 1954. Nígbà tó kọ́kọ́ jáde, kò mi ìlú. Ní 1955 ni wọ́n fi í sí ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù Blackboard Jungle, ni àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà bá sáré sí i, ó sì dé ipò kìíní níbẹ̀ ní oṣù Keje ọdún náà. Ní Ọsirélíà, EMI ní àyè láti gbé e jáde ṣùgbọ́n ó jẹ́ kó lọ. Festival gbà á. Orin náà sì tà ju gbogbo àwo tí a ti ń tà ní Ọsirélíà títí di ìgbà náà lọ.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ kékeré náà hàn gbangba. Ohun tí àgbà ilé-iṣẹ́ fojú kéré ni wọ́n fi là. Ṣùgbọ́n orin ẹlòmíràn ni. Owó àṣẹ ń lọ sí Amẹ́ríkà. Ìbéèrè tó kù ni bóyá ọmọ Sydney kan lè kọ irú orin yìí kí àwọn ọmọ Sydney mìíràn sì fi owó wọn rà á. Ní 1956, kò tíì sí ẹni tó mọ̀.

3. Ọ̀rọ̀ tó ṣíwájú ìṣe

Ọmọ bíbí Sydney ni Johnny O'Keefe. Wọ́n bí i ní oṣù Kìíní 1935. Bàbá rẹ̀ ń ta àga àti tábìlì. Orin tó ń kọ tẹ́lẹ̀ ni pé kí ó máa fara wé Johnnie Ray, olórin Amẹ́ríkà tó máa ń sunkún lórí ìtàgé. Nígbà tó gbọ́ Haley, ó yí padà. Ní 1956, òun àti Dave Owens, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń fun saksofóònù, dá ẹgbẹ́ Dee Jays sílẹ̀. Wọ́n ń ṣeré ní gbọ̀ngàn ijó káàkiri ìlú.

Ní oṣù Kìíní 1957, Lee Gordon, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń kó àwọn olórin ńlá wá sí Ọsirélíà, mú Bill Haley dé. Sydney Stadium ni wọ́n ti ṣeré ní ìlú náà: gbọ̀ngàn ìjà ẹ̀ṣẹ́ ni, tí wọ́n kọ́ ní 1908, tí páànù bò lórí. O'Keefe wá ọ̀nà títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Haley. Haley fún un ní orin kan tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ You Hit the Wrong Note Billy Goat.

Ibí yìí ni ìtàn tí gbogbo ènìyàn ń sọ ti bẹ̀rẹ̀. O'Keefe lọ bá Ken Taylor ní Festival pé kí wọ́n gba òun. Taylor kọ̀. O'Keefe kò padà sílé lọ jókòó. Ó lọ sọ fún àwọn oníwèé ìròyìn pé òun àti Festival ti jọ tọwọ́ bọ̀wé. Taylor gbọ́. Dípò kí ó bínú kí ó sì sẹ́ ọ̀rọ̀ náà, ìgboyà ọmọkùnrin náà wú u lórí. Ó ránṣẹ́ pè é, ó sì fún un ní àdéhùn. Ní oṣù Keje 1957, Festival gbé orin tí Haley fún un jáde.

Ó lè yá akẹ́kọ̀ọ́ lára láti sọ pé ìṣe inú ọ̀rọ̀ ni èyí, irú èyí tí J. L. Austin ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1962, tí a kà ní Faransé láti 1970 pẹ̀lú àkọlé Quand dire, c'est faire. Èmi náà kọ́kọ́ rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fara balẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Austin ní ẹni tó bá máa fi ọ̀rọ̀ ṣe nǹkan gbọ́dọ̀ ní àṣẹ láti ṣe é. Bí ẹni tí kì í ṣe ọba bá jókòó sílé rẹ̀ tó ń fi ẹlòmíràn joyè, oyè náà kò jọ. O'Keefe kò ní àṣẹ kankan nínú Festival. Ohun tó sọ kì í ṣe ìṣe. Ìròyìn ni, ìròyìn náà kò sì jẹ́ òótọ́. Irọ́ ni, ká pè é lórúkọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó ṣe nǹkan ni ti Taylor. Òun ni ó ní àṣẹ. Bí ó bá ti sọ fún ìwé ìròyìn kan náà pé n kò mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ ìbá tán síbẹ̀, O'Keefe ìbá sì di ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní gbọ̀ngàn ijó. Agbára tí irọ́ náà ní ni pé ó fi Taylor sí ipò tó ti ní láti tún yàn lẹ́ẹ̀kejì. Ó ti sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́ nínú yàrá, níbi tí kò sí ẹni tó gbọ́. Nísinsìnyí, ó ní láti tún un sọ níwájú ìlú, tàbí kí ó yí i padà. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Lọ́jọ́ náà, Taylor fi ọwọ́ gba ẹyin ẹlòmíràn kó tó balẹ̀.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. O'Keefe mọ ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń fẹ́, ṣùgbọ́n kò ní ilé tó ń tẹ àwo. Taylor ní ilé tó ń tẹ àwo, ṣùgbọ́n kò sí nínú gbọ̀ngàn ijó níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń pariwo. Kò sí èyí tó lè dá a ṣe.

4. Ariwo inú àwo

Orin tí Haley fún O'Keefe kò tà. Ibi tí a ti mọ bí Taylor ṣe níye lórí sí nìyí, nítorí pé ẹni tó yan olórin tí àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ kò tà lè sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Festival ń bá a lọ. Ní oṣù Kẹwàá 1957, Lee Gordon mú Little Richard, Eddie Cochran àti Gene Vincent wá. Nígbà tí Vincent há sí Honolulu tí kò lè dé ní àkókò, O'Keefe àti Dee Jays ni wọ́n fi dí àyè rẹ̀ ní Wollongong. Láti ìgbà náà ni ó ti ń bá àwọn olórin Amẹ́ríkà pín ìtàgé kan náà.

Ní 1958, Festival gbé àwo kékeré kan jáde fún un tí wọ́n pe àkọlé rẹ̀ ní Shakin' at the Stadium. Orin The Wild One wà nínú rẹ̀. Bí ènìyàn bá gbọ́ àwo náà, yóò gbọ́ ariwo èrò, yóò sì gbà pé inú Sydney Stadium ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ilé ìgbohùnsílẹ̀ ni O'Keefe ti kọ The Wild One. Lẹ́yìn náà ni wọ́n da ariwo èrò lé e lórí. Ẹni tó purọ́ fún ìwé ìròyìn ní 1957 ti rí ilé-iṣẹ́ tó ń bá a ṣe é ní 1958.

N kò sọ èyí láti bú ẹnikẹ́ni. Mo sọ ọ́ nítorí pé àwo jẹ́ ẹ̀rí, gẹ́gẹ́ bí ìwé ti jẹ́ ẹ̀rí. A máa ń sọ pé ẹ̀rọ kì í purọ́, pé ohun tó gbọ́ ló gbà. Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ kì í purọ́; ẹni tó ń lo ẹ̀rọ ni a ní láti bi léèrè.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo orúkọ àwọn tó ni orin náà. Johnny O'Keefe, Johnny Greenan àti Dave Owens wà níbẹ̀. Àwọn méjì ìkẹyìn jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Dee Jays. Orúkọ kẹrin ni Tony Withers. Withers kì í ṣe olórin; rédíò ni ó ń ṣe ní Sydney, ohun tí a sì ń sọ ni pé ìrànwọ́ tó ṣe kí orin náà lè dé orí afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sí i fún. Nínú ọ̀pọ̀ àwo tí àwọn ẹlòmíràn tún orin náà kọ sí, orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Withers lọ sí Gẹ̀ẹ́sì, níbi tó ti fi orúkọ Tony Windsor ṣiṣẹ́ ní Radio London, ilé rédíò inú ọkọ̀ ojú omi. Nítorí náà, ìwé kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àárín àwo náà ń sọ ìtàn tó ju ti orin lọ: ó ń sọ ẹni tí a jẹ ní gbèsè.

A máa ń kà pé The Wild One ni orin rọ́ọ̀kì àkọ́kọ́ láti ọwọ́ ará Ọsirélíà tó wọ ìtò orin gbogbo orílẹ̀-èdè náà, àti pé ó dé ipò 20 ní oṣù Keje 1958. Òótọ́ ni ìṣirò náà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mọ bí a ṣe rí i. Ní 1958, kò sí ìtò orin kan tó kárí Ọsirélíà. Ìlú kọ̀ọ̀kan, ilé rédíò kọ̀ọ̀kan, ni ó ní tirẹ̀. Ìwé ìròyìn Go-Set ni ó bẹ̀rẹ̀ ìtò fún gbogbo orílẹ̀-èdè ní 1966. David Kent ni ó wá padà sẹ́yìn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, tó kó ìtò àwọn ìlú jọ, tó sì ṣírò ibi tí orin kọ̀ọ̀kan ìbá wà. Iṣẹ́ tó dára ni. Ṣùgbọ́n ní oṣù Keje 1958, kò sí ẹni tó lè sọ fún O'Keefe pé ó wà ní ipò 20 ní Ọsirélíà, nítorí pé ipò náà kò tíì sí.

Orin náà rìn jìnnà. Ní 1958 kan náà, Jerry Allison, onílù Buddy Holly, tí ó ti bá Holly dé Ọsirélíà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà, tún un kọ ní Amẹ́ríkà lábẹ́ orúkọ Ivan, wọ́n sì pè é ní Real Wild Child. Ní 1986, Iggy Pop tún sọ ọ́ di gbajúmọ̀. Orin tó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń gba àṣẹ lọ́wọ́ Amẹ́ríkà ti di èyí tí àwọn Amẹ́ríkà ń gbà kọ.

5. Àwọn mìíràn tó wọlé

Bó bá jẹ́ O'Keefe nìkan ni Festival mú jáde, a lè sọ pé orí ló bá Taylor ṣe é. Ṣùgbọ́n kò dúró síbẹ̀. Colin Jacobsen, tí a mọ̀ sí Col Joye, àti ẹgbẹ́ Joy Boys tí àwọn arákùnrin rẹ̀ wà nínú rẹ̀, di gbajúmọ̀ ní 1959 pẹ̀lú Bye Bye Baby lábẹ́ Festival. Ohùn Joye rọ̀. Kò jọ ti O'Keefe rárá. Ẹni tó yan àwọn méjèèjì kò wá ẹ̀dà ẹnì kan.

Ní 1960, Noeleen Batley kọ Barefoot Boy fún Festival, a sì ń ka orin náà mọ́ èyí àkọ́kọ́ láti ẹnu obìnrin ará Ọsirélíà tó di gbajúmọ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Helen Grover, ẹni tó kọ orin náà sílẹ̀, ọmọdébìnrin ni. Jimmy Little, ọmọ ẹ̀yà Yorta Yorta, tí àwọn baba ńlá rẹ̀ wà lórí ilẹ̀ náà kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó dé, wọ Festival ní ìparí àwọn ọdún 1950 lẹ́yìn tó ti kọ́kọ́ kọrin fún ilé-iṣẹ́ mìíràn. Royal Telephone, orin ìgbàgbọ́ tó gbé jáde ní 1963, gbalẹ̀ kan. Ní ọdún náà, Ọsirélíà kò tíì ka àwọn ènìyàn rẹ̀ mọ́ ara ìlú nínú ètò ìkànìyàn. Ìbò 1967 ni ó yí ìyẹn padà. Ohùn rẹ̀ ti wọ ilé àwọn tí òfin kò ka òun mọ́.

A kò gbọdọ̀ fi gbogbo èyí sórí Taylor nìkan. Tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ ní Sydney ní oṣù Kẹsàn-án 1956. Ètò Bandstand àti Six O'Clock Rock, èyí tí O'Keefe di atọ́kùn rẹ̀ ní 1959, gbé ojú àwọn olórin dé inú ilé. Lee Gordon náà dá àmì àwo tirẹ̀ sílẹ̀, tó ń jẹ́ Leedon, tó padà bọ́ sọ́wọ́ Festival. Àwọn tó ni Festival pàápàá ń yí padà: L. J. Hooker, oníṣòwò ilẹ̀ àti ilé, rà á ní 1957. Ilé-iṣẹ́ Rupert Murdoch rà á ní 1961. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ohun tí a ń sọ ni pé nínú àwọn ọwọ́ wọ̀nyí, ọwọ́ kan wà tó jẹ́ pé bí kò bá ṣí ilẹ̀kùn, ìyókù kò ní ibi tí wọn yóò gbà.

6. Ta ló sọ fún wa?

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a padà sí ìtàn irọ́ O'Keefe. Báwo ni a ṣe mọ̀ ọ́n?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàrin Taylor àti O'Keefe, nígbà tí Taylor kọ̀ àti nígbà tó gbà, inú yàrá ni ó ti ṣẹlẹ̀. Ìwé àdéhùn lè sọ ọjọ́ tí wọ́n tọwọ́ bọ̀ ọ́. Kò lè sọ pé ọ̀gá ti kọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìwé ìròyìn lè sọ pé O'Keefe ti di olórin Festival. Kò lè sọ pé irọ́ ni. Ohun tó so àwọn méjèèjì pọ̀ tó fi di ìtàn, ẹnu ni. Taylor fúnra rẹ̀ kọ ìwé kan, Rock Generation, tó jáde ní Melbourne ní 1970. O'Keefe kú ní oṣù Kẹwàá 1978. Ní 1986, tẹlifíṣọ̀n Ọsirélíà gbé eré jáde nípa ìgbésí ayé rẹ̀, àwọn tí kò tíì bí nígbà náà sì rí ìtàn rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n wà níbẹ̀.

Ẹ kíyè sí ohun tí ìtàn náà ń ṣe fún ẹni kọ̀ọ̀kan. Ó sọ O'Keefe di akíkanjú tí kò mọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó sọ Taylor di ọ̀gá ọlọ́gbọ́n tó mọ ìgboyà nígbà tó rí i, ó sì bo ìgbà àkọ́kọ́ tó ti ṣàṣìṣe mọ́lẹ̀ nínú ẹ̀rín. Ìtàn tó bá ṣe gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀ lóore, kì í pẹ́ kí ó tó di ti gbogbo ènìyàn, nítorí pé kò sí ẹni tó ní ìdí láti tako ó.

Jan Vansina, nínú De la tradition orale tó tẹ̀ jáde ní 1961, kọ́ wa pé kí a máa béèrè lọ́wọ́ ìtàn àtẹnudẹ́nu pé: ta ló sọ ọ́, ta ló gbọ́ ọ, kí ni ó ń jẹ nídìí rẹ̀? Orí ìtàn ilẹ̀ Áfíríkà ni ó ti kọ́ ọgbọ́n náà. Mo lo ìbéèrè rẹ̀ fún ìtàn Sydney láì yí nǹkan kan padà, ó sì bá a mu. Kì í ṣe pé mo fẹ́ sọ pé irọ́ ni ìtàn O'Keefe. Mo gbà pé ó ṣẹlẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé bí mo ṣe gbà á náà ni mo ṣe máa ń gba ti àgbà Kétu kan tó jókòó sí iwájú mi: nítorí pé ẹnu tó sọ ọ́ sún mọ́ ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé ó bá ohun mìíràn tí a mọ̀ mu, tí mo sì ń fi etí kejì gbọ́ ohun tí ó ń ṣe fún ẹni tó ń sọ ọ́.

7. Ìgúnlẹ̀

Ken Taylor kò kọrin. Kò lu ìlù. Àwọn tó ń jó sí The Wild One kò mọ orúkọ rẹ̀, kò sì sí ìdí tó fi yẹ kí wọ́n mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n a ti rí i pé nínú ọjà tí ilé-iṣẹ́ kan dì mú, ní ilẹ̀ tó jìnnà, tí òfin sì ti dí ọ̀nà, ẹni tó ń yan orin ní ilé-iṣẹ́ kékeré kan lè yan ohun tí odindi orílẹ̀-èdè yóò gbọ́. A rí i pẹ̀lú pé ó kọ́kọ́ yàn lọ́nà tí kò tọ́, tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi irọ́ fún un ní àyè láti tún yàn.

Festival wà títí di 2005, nígbà tí Warner rà á. Orúkọ àwọn ọ̀gá rẹ̀ wà nínú ìwé. Ohùn àwọn olórin rẹ̀ wà nínú àwo. Láàrin ìwé àti àwo, ohun tó so wọ́n pọ̀ ni ìtàn tí ẹnu sọ. Ọ̀rẹ́ mi tó bi mí ní ìbéèrè ní ìbẹ̀rẹ̀, èsì mi nìyí. Nígbà tí wọ́n bá tún bi wá pé ìwé dà, kí a mú ìwé tí a ní jáde, kí a má sì tijú láti sọ pé ìwé tiwọn náà, ẹnu ló gbé e ró. Àwo náà, ọwọ́ méjì ló gbé e jáde, bí èdè wa ṣe sọ ọ́: wọ́n jọ tọwọ́ bọ̀wé ni.